Omi Kan, Ìwà Méjì: Ìṣọ́ Àbàwọ́n Ìtànṣán Nínú Ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ìfáàrà

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè Ìkòròdú, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó gba iwájú Ìbẹṣe, Bàyékù àti Ìjẹ̀dé kọjá, lè dé Ẹ̀pẹ́ láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lójú, omi kan ṣoṣo ni ó rìn lórí rẹ̀. Lẹ́nu, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń bu omi tọ́ wò bí ọkọ̀ ti ń lọ, yóò rí i pé iyọ̀ inú omi ìhà Ìkòròdú ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí Ẹ̀pẹ́ ti ń súnmọ́. Ẹnu kan ni Ọ̀sà Èkó fi ń bá òkun pàdé, èyíinì ni ẹnu ibùdó ọkọ̀ òkun Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà òjò, omi odò a tì í padà sẹ́yìn. Ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ ni Ọ̀sà Lẹ́kìí wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 247 kìlómítà onígun mẹ́rin. Omi aláìníyọ̀ ni èyí, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò.

Àwọn apẹja kò nílò ẹ̀rọ láti mọ ìyàtọ̀ yìí. Ewéko olódòdó elésè àlùkò tó ń léfòó lójú omi, tó gba ìhà Porto-Novo wọ omi Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1984, ń sọ fún wọn. Níbi tí iyọ̀ bá dé, ewéko náà a rọ, a sì kú. Níbi tí iyọ̀ kò dé, yóò máa bo ojú omi títí ọkọ̀ kò fi ní í rí ọ̀nà gbà.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí sábà máa ń mọ sórí irú ẹja tí ènìyàn lè rí pa. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ọ̀sà náà nítorí àwọn èròjà tó ń ta ìtànṣán átọ́mù, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Òun ni yóò sọ ibi tí èròjà yóò fara pamọ́ sí, bóyá nínú omi ni, nínú ẹrẹ̀ ni, tàbí nínú ẹran ara ẹja. Ìwọ̀n tó fọkàn ẹni balẹ̀ nínú omi ní Ìkòròdú lè jẹ́ ìwọ̀n tó yẹ kó mú ènìyàn ta gìrì ní Ẹ̀pẹ́.

Ìtànṣán àti àbàwọ́n

Ó tọ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé ara wọn. Yorùbá ti ń lo "ìtànṣán" tipẹ́ fún ohun tí oòrùn ń ta sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ átọ́mù dé, àwọn oníròyìn fi "olóró" kún un, ó di "ìtànṣán olóró". Orúkọ náà wúlò fún ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n ó ń da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó dúró nínú oòrùn, oòrùn pa á. Bí ó bá wọ abẹ́ òjìji, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí epo pupa ta sí láṣọ funfun ńkọ́? Bí ó bá wọlé, epo bá a wọlé. Bí ó bá jókòó, epo ra àga. Ìtànṣán ni oòrùn inú àpèjúwe yìí. Èròjà tó ń ta ìtànṣán, tó wá bọ́ síbi tí kò yẹ kó wà, ni epo. Èyí ni "àbàwọ́n ìtànṣán" dúró fún nínú àpilẹ̀kọ yìí, òun sì ni ohun tí àwọn olùṣọ́ omi ń wá.

Ohun kejì tí "olóró" máa ń fi pamọ́ ni pé kò síbi tí ìtànṣán kò sí. Potassium tó wà nínú ẹ̀wà, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti nínú iṣan ara ènìyàn ní ẹ̀yà kan, potassium-40, tó ń ta ìtànṣán láti ìgbà tí ayé ti wà. Becquerel ni wọ́n fi ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀: Becquerel kan túmọ̀ sí pé átọ́mù kan ń túká ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú ara àgbàlagbà kan, potassium-40 nìkan ń lọ sí nǹkan bí Becquerel 4,000. Nítorí náà, ẹni tó béèrè bóyá ìtànṣán wà nínú ọ̀sà kò tíì béèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀ níbi gbogbo láyé. Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni pé: èròjà wo ni? Ó tó mélòó? Ǹjẹ́ ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ìbéèrè kẹta yìí ló le jù, nítorí kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ibi tí èròjà lè gbà dé inú ọ̀sà

Kò sí ilé iná átọ́mù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé iná ńlá tó wà ní Ẹgbìn, lẹ́bàá Ìjẹ̀dé ní Ìkòròdú, gáàsì ló ń jó. Omi gbígbóná lè ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú uranium. Ó yẹ kí èyí hàn gbangba, torí pé ẹ̀rọ tó bá tóbi tó báyìí kì í ṣàì kó àhesọ mọ́ra.

Òkúta ni orísun àkọ́kọ́, òun ló sì pẹ́ jù. Odò Ògùn, tí àwọn olùsìn mọ̀ sí ilé Yemọja, ń gba ẹ̀gbẹ́ àpáta Abẹ́òkúta sọ̀kalẹ̀ wá sí Ọ̀sà Èkó nítòsí Ìkòròdú. Odò Ọ̀ṣun ń ti Ìgèdè-Èkìtì bọ̀, ó gba Òṣogbo àti ìdídò Àṣejìrè kọjá, ó sì tú sínú Ọ̀sà Lẹ́kìí níhà Ẹ̀pẹ́. Orí àpáta àtayébáyé ni àwọn odò méjèèjì ń rìn, uranium àti thorium díẹ̀ sì máa ń wà nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Òjò ń gbo òkúta di yanrìn àti amọ̀, odò ń gbé e wá. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán átọ́mù kéde ní ọdún 2000 pé iye agbedeméjì nínú erùpẹ̀ ayé jẹ́ nǹkan bí Becquerel 35 fún uranium-238, 30 fún thorium-232 àti 400 fún potassium-40 nínú kílò kan. Ohun tí Yemọja àti Ọ̀ṣun ń gbé wá kì í ṣe àbàwọ́n. Ẹrù àdáyébá ni. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ẹrù náà lè pè é ní àbàwọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà á, ó sì lè pe àbàwọ́n tòótọ́ ní ẹrù àdáyébá lọ́jọ́ tí owó bá wọ ọ̀rọ̀.

Orísun kejì wá láti òfuurufú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé bú àdó olóró átọ́mù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ti ilẹ̀ Àlùjéríà. Agbára rẹ̀ tó 70 kílótọ́ọ̀nù. Àsìkò ọyẹ́ ni, nígbà tí afẹ́fẹ́ Sàhárà ń gbé eruku rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Inú àwọn ènìyàn Nàìjíríà kò dùn. Nígbà tí Faransé bú ẹ̀kẹta ní ìparí ọdún náà, ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé lọ ní oṣù kìíní ọdún 1961. Ohun tí ó tọ́ ju ìbínú lọ tẹ̀ lé e: ní 1964 wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ará ìlú lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú caesium-137 àti strontium-90 tó bọ́ sórí ilẹ̀ ayé lásìkò yẹn wá láti inú àwọn àdó ńláńlá Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì, wọn kò sì dá orílẹ̀-èdè kankan sí. Ọgbọ̀n ọdún ni ìdajì caesium-137 fi ń tán. Ó ku díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí di òní.

Orísun kẹta ni ènìyàn lè dí lọ́nà. Àwọn tó ń yẹ ìsopọ̀ páìpù wò, àwọn tó ń wọn ohun tó wà nínú àgbá ilé-ìfọpo, àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo, gbogbo wọn ń lo èròjà kékeré tí wọ́n fi irin dì. Bí irú rẹ̀ bá sọnù, ọ̀dọ̀ onírin àlòkù ló sábà máa ń gbà. Ní oṣù Kejìlá 2002, irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ epo kan ń lò sọnù ní ìhà Niger Delta. Ní 2003 ni wọ́n rí i ní Jámánì, láàárín irin àlòkù. Ìyẹn rìn jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ní Goiânia, nílẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn ènìyàn tú ẹ̀rọ ìwòsàn tí wọ́n pa tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, wọ́n sì tà á fún onírin àlòkù. Caesium-137 ló wà nínú rẹ̀, ó ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù lóru, àwọn ọmọdé sì ń fi í pa ara. Ènìyàn mẹ́rin kú. Wọ́n yẹ ènìyàn tó lé ní 112,000 wò. Àbàwọ́n wà lára 249 nínú wọn.

Ní Odògúnyàn àti àyíká rẹ̀ ní Ìkòròdú, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù pọ̀. Ibi tí wọ́n wà ló mú ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀sà. Bí caesium bá bọ́ sínú iná ìyọ́rin, kì í dúró sínú irin. Èéfín àti eruku ló ń bá lọ, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní Algeciras nílẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1998, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwọ̀n ìtànṣán lórílẹ̀-èdè mìíràn fi mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Eruku tó bá bọ́ sórí òrùlé Odògúnyàn, òjò ni yóò fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà, gọ́tà yóò sì wá ọ̀nà ọ̀sà lọ. Ẹ̀rọ ìṣọ́nà tó ń wọn ìtànṣán lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ irin kì í wọ́n ju ohun tó lè dènà rẹ̀ lọ.

Òfin wà fún èyí. Ìṣẹ̀lẹ̀ Kókó ló la ojú ìjọba. Ní 1988, wọ́n rí àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì nínú àgbàlá kan ní ìlú kékeré náà, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà yẹn. Ìfura ìtànṣán gbilẹ̀ kí ó tó hàn pé kẹ́míkà olóró bíi PCB ni olórí ìṣòro. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìjìyà ẹni tó bá kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti dá àjọ ààbò àyíká sílẹ̀. Òfin lórí ààbò átọ́mù àti ìtànṣán jáde ní 1995. Ní 2001 ni àjọ tó ń mú un ṣẹ, NNRA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iléeṣẹ́ Ìbàdàn ti 1964 wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí gẹ́gẹ́ bí ilé ìwádìí.

Ìdí tí omi inú ìgò kò fi tó

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣọ́ ọ̀sà ni láti bu omi sínú ìgò. Òun náà ló rọrùn jù láti fi tan ara ẹni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Becquerel 10 nínú lítà kan ṣe ìwọ̀n ìtọ́sọ́nà fún caesium-137 nínú omi mímu. Ẹni tó ń mu omi ni ìwọ̀n yẹn ń dáàbò bò. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kì í kàn mu omi. Wọ́n ń jẹ ohun tí omi bọ́.

Ojú kan náà ni ẹran ara fi ń wo caesium àti potassium. Ẹja nílò potassium, kò sì lè ya ìkejì sọ́tọ̀ dáadáa. Nínú omi òkun, potassium tó nǹkan bí 400 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ní ọjà tí ojúlówó bá pọ̀ tó báyìí, ayédèrú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí rà. Nínú omi odò, mílígíráàmù díẹ̀ péré ni potassium sábà máa ń jẹ́, ẹja a sì máa kó ohunkóhun tó bá jọ ọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹja òkun ń mu omi iyọ̀, ó sì ń tu iyọ̀ dà nù kíákíá. Ẹja omi aláìníyọ̀ ń dì mọ́ ìwọ̀nba iyọ̀ tó bá rí, ó ń dì mọ́ caesium pẹ̀lú rẹ̀.

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́mù ti fi iye sí èyí. Fún ẹja òkun, ìwọ̀n caesium nínú kílò ẹja kan tó ìlọ́po 100 ti inú lítà omi kan. Fún ẹja omi aláìníyọ̀, ó tó ìlọ́po 2,500. Iye agbedeméjì ni wọ́n. Potassium inú omi kọ̀ọ̀kan lè mú un lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà tóbi.

Ká ní caesium-137 inú omi jẹ́ 0.1 Becquerel nínú lítà kan. Ìṣirò lásán nìyí, kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni rí ní Ẹ̀pẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n omi mímu ni. Ẹni tó ṣọ́ omi nìkan yóò kọ "kò séwu" sínú ìwé, yóò sì lọ sílé. Níbi tí omi bá dà bí òkun, ẹja yóò ní Becquerel 10 nínú kílò kan. Nínú Ọ̀sà Lẹ́kìí, ó lè ní 250. Láti oṣù kẹrin ọdún 2012, ilẹ̀ Japan kò gbà kí oúnjẹ tó ju 100 lọ dé ọjà. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tó wà fún káràkátà láàárín orílẹ̀-èdè gbà dé 1,000. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ 50 kílò irú ẹja bẹ́ẹ̀ lọ́dún yóò gba nǹkan bí 0.16 mílísívàtì, tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílísívàtì kan tí wọ́n fi ṣe ààlà ọdún kan fún ará ìlú. Kò ní í kú. Ṣùgbọ́n ọ̀sà tí ẹja rẹ̀ ti dé ibẹ̀ nígbà tí omi rẹ̀ ṣì ń jẹ́ "mímọ́" lórí ìwé jẹ́ ọ̀sà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí ìṣirò yìí sọ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn jàǹbá Fukushima ní oṣù kẹta 2011, ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní wakasagi nínú adágún Onuma lórí òkè Akagi, tó jìnnà ju 150 kìlómítà sí ilé átọ́mù náà, kọjá Becquerel 500 nínú kílò kan. Wọ́n dá ẹja pípa dúró. Ọ̀pọ̀ ẹja inú òkun, tó tiẹ̀ súnmọ́ jàǹbá náà jù, ti wẹ̀ mọ́ nígbà tí àwọn adágún ṣì ń bá ti wọn jà. Ní Sweden, tí èérí Chernobyl bá ní 1986, ẹja adágún wà lára àwọn oúnjẹ tí wọ́n gbé ààlà wọn láti 300 lọ sí 1,500 ní ọdún kejì, kí ìgbésí ayé àwọn tó ń fi wọ́n jẹun má bàa dàrú. Ní Belarus, àwọn olùwádìí da iyọ̀ potassium sínú adágún Svyatoe ní 1998. Caesium inú ẹja lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti inú omi kò dín kù. Ìyẹn ni ẹ̀rí tó mọ́ jù lọ pé iyọ̀ inú omi ló ń paṣẹ.

Fún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, èyí túmọ̀ sí pé ètò ìṣọ́ kan náà kò lè bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mu. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ẹja ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Epìyà ń jẹ ewé àti èérí inú omi; òbòkun ń jẹ nínú ẹrẹ̀; àwọn ẹja tó ń pa ẹja jẹ sì máa ń kó caesium jọ ju gbogbo wọn lọ, nítorí wọ́n jogún ohun tí àwọn kékeré ti kó jọ. Olùṣọ́ tó gbọ́n yóò ra ọ̀kọ̀ọ̀kan irú wọn lọ́wọ́ apẹja tó mọ ibi tó ti pa á. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ dára fún ríra, àmọ́ ẹja ibẹ̀ ń ti oríṣiríṣi omi wá. Bí olùtà kò bá mọ orísun rẹ̀, iye tí ẹ̀rọ bá kà kò wúlò fún ọ̀sà kankan.

Ní ìhà Ìkòròdú, àkókò ni ọ̀rọ̀. Radium tó lẹ̀ mọ́ amọ̀ odò máa ń bọ́ kúrò lára amọ̀ náà nígbà tí iyọ̀ bá bá a, a sì wọ inú omi. Nítorí náà, omi tí wọ́n bù ní oṣù kẹta, tí iyọ̀ ti wọlé, lè ní radium ju èyí tí wọ́n bù ní oṣù keje lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni da ohunkóhun síbẹ̀. Ẹni tó bù ú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò rò pé ọ̀sà yí padà. Àsìkò ló yí. Bí iyọ̀ ti tó lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, bí ọjọ́ àti ibi ti wà lára rẹ̀.

Ẹrẹ̀ ń rántí

Omi ń lọ; ẹrẹ̀ ń dúró. Amọ̀ ń di caesium mú ṣinṣin, pàápàá nínú omi aláìníyọ̀, ó sì ń tò ó sílẹ̀ ní ìpele ọdọọdún. Bí wọ́n bá ti páìpù gígùn bọ inú ẹrẹ̀ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí wọ́n fà á jáde, tí wọ́n gé e ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ìtàn máa ń hàn: níbi púpọ̀ láyé, ìpele tí caesium-137 ti pọ̀ jù lọ ni ti 1963, ọdún tí àwọn alágbára fọwọ́ sí àdéhùn láti dẹ́kun ìdánwò inú afẹ́fẹ́. Ìpele tó wà lábẹ́ ti ọdún 1950 kò ní í ní rárá. Èròjà yìí kéré nítòsí ìlà agbedeméjì ayé ju ti Yúróòpù lọ, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi sùúrù kà á.

Ìwé ìrántí yìí ni àwọn ènìyàn ń fa ya lójoojúmọ́ láìmọ̀. Iṣẹ́ yanrìn ọ̀sà ti di ńlá. Ní etí omi Ìkòròdú, àwọn òmùwẹ̀ ń fi garawa bu yanrìn sínú ọkọ̀ ìgbòkun. Ọkọ̀ ńláńlá tó ń fa yanrìn pẹ̀lú ẹ̀rọ sì wà. Ilé Èkó kò lè dúró láìsí yanrìn, kò sì sẹ́ni tó lè dá àwọn tó ń fi í jẹun lẹ́bi. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti fà á, ẹrẹ̀ 1963 àti ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá di ọ̀kan. Èyí tó burú jù ni pé amọ̀ tí wọ́n gbọ̀n sókè ń ṣàn lọ bọ́ síbòmíràn, ó ń gbé ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Yanrìn fúnra rẹ̀ kì í di caesium mú. Ẹni tó bá kó yanrìn dípò amọ̀ lọ sí ilé ìwádìí yóò rí òfo, yóò sì kéde òfo.

Ọ̀sà Lẹ́kìí pàápàá kò jìn. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju mítà 6.4 lọ, púpọ̀ rẹ̀ kò tó mítà mẹ́ta, ìjì líle lè ru ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Ibi tó yẹ kí páìpù wọ̀ ni àwọn kọ̀rọ̀ tí koríko gíga yí ká, tí ọkọ̀ yanrìn kò dé, tí omi kì í sáré. Àwọn apẹja mọ̀ wọ́n ní orúkọ. Àyíká àkájà, àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì sómi kí ẹja lè fi ṣe ilé, tún dára, nítorí amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń sinmi níbẹ̀, ẹja sì ń jẹun lórí rẹ̀. Amọ̀ àti ẹja tí wọ́n bá mú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lè jẹ́rìí fún ara wọn.

Nínú ilé ìwádìí

Ohun tó kù kò ní ìdán nínú. Wọ́n á sá ẹrẹ̀ gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi ike dì í pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìdí ìdúró yìí ni pé radium ń bí gáàsì kan, radon, tó ń sá lọ. Bí ike kò bá dì dáadáa, àwọn ọmọ radon tí ẹ̀rọ ń fi mọ iye radium kò ní í pé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ germanium tí wọ́n fi náítírójìn olómi mú tutù, tí òjé nípọn yí ká. Ìtànṣán èròjà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀: caesium-137 ń dún ní 662 lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ náà, potassium-40 ní 1,460. Ẹ̀rọ lè gbọ́ wọn fún wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iye tó dúró. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́ ọ̀tá iṣẹ́ yìí gan-an.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí ìmọ̀. Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọgbà ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Ẹ̀pẹ́. Yunifásítì Èkó wà létí ọ̀sà ní Àkọkà. Ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Victoria Island. Àwọn onímọ̀ físíìsì wa ti ń wọn ìtànṣán nínú ẹrẹ̀ àti ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ìwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ìṣọ́. Ìṣọ́ ni kí wọ́n padà sí ibi kan náà, ní oṣù kan náà, pẹ̀lú ọ̀nà ìwọ̀n kan náà, lọ́dọọdún, títí tí iye náà yóò fi sú ẹni tó ń kọ ọ́.

Ọjọ́ tí iye yẹn yóò wúlò lè jẹ́ ọjọ́ tí àbàwọ́n kankan kò wọ ọ̀sà rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti dé Èkó, ìròyìn òru kan sọ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ilé ti ṣe é, àwọn kan sì kú nínú iyọ̀ àmujù. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá sọ lọ́la pé ìtànṣán ti wọ ẹja Ẹ̀pẹ́, àwọn obìnrin ọjà Olúwo ni ọjà yóò kú mọ́ lọ́wọ́. Ohun tó lè gbà wọ́n ni ìwé kan tó sọ iye tó wà nínú epìyà àti òbòkun lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, ní Becquerel nínú kílò kan, tí wọ́n kọ ní Yorùbá, tí wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà kí àhesọ tó dé.